Àwọn Tí N Ó Pè Wá Jẹun: Bí A Ṣe Ń Ronú Lórí Ohun Tí A Ó Fi Sílẹ̀

Bí bàbá bá kú nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ni ẹbí máa ń gbà pín ogún rẹ̀. Èkíní ni ìdí-igi: wọn á ka iye ìyàwó tó bímọ fún olóògbé, wọn á pín dúkìá sí iye ìdí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó wà nídìí kọ̀ọ̀kan á sì pín tiwọn láàárín ara wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí: ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba, wọn kò ní wo ìyá tó bí i. Àríyànjiyàn lórí méjèèjì ti pọ̀ débi pé ẹjọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó sọdá òkun dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní 1962, ìgbìmọ̀ náà dá a pé ìdí-igi ni àṣà tó fìdí múlẹ̀, pé orí-ò-jorí wà fún ìgbà tí ìjà bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ni yóò mú kí ilé tòrò.

Ilé, ilẹ̀, oko kòkó, mọ́tò, gbogbo ìyẹn ló ní òfin tó ń darí wọn. Ṣùgbọ́n ènìyàn tún máa ń fi ohun mìíràn sílẹ̀ tí adájọ́ kankan kò lè pín: ìmọ̀, ìwà, iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu. A kì í sáàbà jókòó ronú lé e lórí, ó di ìgbà tí a bá ti ibi ìsìnkú dé, tí a gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki olóògbé, tí ọkàn wá ń bi wá pé kí ni wọn yóò sọ nípa tiwa. Èmi kì í dúró dìgbà náà mọ́. Mo ní eré ọkàn kan tí mo máa ń ṣe: mo máa ń se oúnjẹ alẹ́ kan nínú ọkàn mi, mo sì máa ń yan àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n wá jẹ ẹ́, àwọn tó ti kú àtàwọn tí n kò lè bá pàdé láyé. Bí mo ṣe ń ṣe é àti ohun tó ń kọ́ mi ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Oúnjẹ ni mo lò nítorí pé ìdí oúnjẹ ni Yorùbá ti ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nílé tí wọ́n ti tọ́ irú wa, ọmọ tó bá gbé omi ìfọwọ́ wá fún bàbá kì í lọ jìnnà. Yóò fara ti ògiri, ojú rẹ̀ yóò máa lọ síbi ẹran inú àwo. Bàbá á jẹ òkèlè, á fọ́ eegun, á mu omi. Ṣùgbọ́n ẹran kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní kàn, yóò rọra tì í sí ẹ̀gbẹ́ àwo, yóò ṣẹ́ ọbẹ̀ díẹ̀ kù sí i lábẹ́, yóò wá ní, "Ó yá, wá palẹ̀ mọ́." Ọmọ ti mọ̀ pé tòun ni. Ẹran yẹn kì í ṣe àjẹkù tí ikùn kọ̀. Bàbá ti yà á sọ́tọ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń jẹ, ó sì mọ ẹni tó yà á sọ́tọ̀ fún. Irú ogún tí mò ń sọ nìyẹn.

Nítorí náà, òfin mẹ́ta ni mo fi de ara mi bí mo bá ń pe àlejò. Òfin kìíní, n kò ní pe ẹni tí mo kàn fẹ́ bá ya fọ́tò. Ẹni tí n ó pè gbọ́dọ̀ ti fi ohun kan sílẹ̀ tí mò ń lò títí di òní. Òfin kejì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni n ó bi ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè nípa bó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe nípa òkìkí tó jẹ. Òfin kẹta ni mo mú le jù: àwọn ọmọdé ilé ni yóò bu omi, àwọn ni yóò gbé àwo, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lé wọn jáde pé ọ̀rọ̀ àgbà ń lọ lọ́wọ́. Torí tiwọn gan-an ni mo ṣe se oúnjẹ náà. Àlejò márùn-ún ló wà lórí ìjókòó báyìí.

Àkọ́kọ́ ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Òsoògùn ni, àmàlà gbígbóná pẹ̀lú gbẹ̀gìrì ni n ó fi ṣe é lálejò. Ní 1821 ni ogun kó o lẹ́rú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ó di àlùfáà ní 1843, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ní 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn l'Ábẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti yà wọ́n.

Ọmọdé tí kò tíì gbọ́njú tán ni nígbà tí wọ́n mú un kúrò nílé. Òun ló sì padà wá kọ́ àwọn tó dúró sílé bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè wọn sílẹ̀. Ohun tí n ó bi í ni pé, "Bàbá, lẹ́nu ta ni ẹ ti gbọ́ Yorùbá tí ẹ kọ yìí?" Ara ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ tó ṣe. Ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ó ń kó òwe jọ, ó ń tẹ́tí sí bí àwọn àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kìíní 1875, ó darí ìpàdé tí wọ́n ṣe l'Ékòó lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ Yorùbá. Odindi Bíbélì Yorùbá sì parí ní 1884. Nígbà tó darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti Ìlú Ọba já iṣẹ́ míṣọ́n Odò Ọya gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Ipò bọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ kò bọ́. Ẹni tó ń ka Sáàmù ní Yorùbá láàárọ̀ òní, ìbáà jẹ́ n'Íbàdàn tàbí ní Peckham, ohun tí bàbá yìí yà sọ́tọ̀ ló ń jẹ.

Ẹni tí n ó fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Dókítà Obadiah Johnson. Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé Àlùfáà Samuel Johnson, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló yẹ kí n pè, torí òun ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo òpìtàn ṣì ń tọ́ka sí. Òótọ́ ni. Samuel ṣiṣẹ́ àlùfáà l'Ọ́yọ̀ọ́, ó sì wà lára àwọn tó ń jíṣẹ́ láàárín àwọn ajagun títí àdéhùn àlàáfíà fi wáyé lórí ogun Kìrìjì ní 1886. Ó kọ ìwé rẹ̀ tán ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba fún títẹ̀, ó sì sọnù síbẹ̀. Samuel kú ní 1901, kò rí ojú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ nínú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, oníṣègùn tí ìtàn kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ, tó sì tún ìwé náà kọ. Ní 1916 tó fi ránṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì wà á gba Amẹ́ríkà lọ. Ìwé náà padà dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtẹ̀wé, ogun tún sọ bébà di ọ̀wọ́n. Ó di 1921 kó tó jáde, Obadiah fúnra rẹ̀ sì ti kú lọ́dún tó ṣáájú. N ó bi í pé, "Dókítà, ibo ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn bébà wọ̀nyẹn?" Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé gbọ́ ni pé ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Samuel fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ìbá kú mọ́ ọn lára bí kò bá ní ẹni tó mọ ibi tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, tó sì mọ iyì wọn. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ló wà lẹ́nu aráyé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àbúrò pẹ̀lú jẹ́ ogún.

Àlejò kẹta ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Láfún àti ewédú ni n ó gbé ka iwájú rẹ̀, torí ọmọ Ẹ̀gbá ni, 1900 ni wọ́n bí i l'Ábẹ́òkúta. Àwọn obìnrin tó kàwé ló kọ́kọ́ kó jọ sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ojú àwọn ìyá ọlọ́jà ń rí lórí owó orí àti lórí ìrẹsì tí wọ́n ń fipá gbà lọ́wọ́ wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣílẹ̀kùn ẹgbẹ́ náà fún wọn. Ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà. Ó pa aṣọ òyìnbó tì, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, Yorùbá ló sì ń sọ láwùjọ wọn kí ara lè tu ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìjọba kò fún wọn láyè láti ṣe ìwọ́de, wọ́n ní àwọn kò ṣe ìwọ́de, pé ọdún ni àwọn ń ṣe, ìgbafẹ́ ni àwọn ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ṣe dó sí iwájú ààfin lọ́dún 1947, títí ọ̀rọ̀ fi le débi pé Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní oṣù Kìíní 1949.

Ìbéèrè tí mo ní fún un ni èyí: "Màmá, báwo ni ẹ ṣe mú ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kàwé jókòó pọ̀, tí ọ̀kan kò fi fojú di èkejì?" Mo bi í léyìí nítorí pé èmi pẹ̀lú ní ẹgbẹ́, mo ní ìjọ, mo ní ẹbí, mo sì mọ bí ó ti ṣòro tó. Àwọn sójà ló jù ú láti ojú fèrèsé nílé Fẹlá, ọmọ rẹ̀, ní 1977, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ wo ohun tó fi sílẹ̀, kó wo àwọn ọmọ rẹ̀. Olikoye di mínísítà ètò ìlera, Beko di oníṣègùn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, Fẹlá fi orin sọ tirẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra, àmọ́ ìgboyà ìyá ló wà nínú gbogbo wọn.

Àlejò kẹrin, iyán ni n ó gún fún un, ẹran ìgbẹ́ ni n ó fi sọbẹ̀. D. O. Fágúnwà ni, ọmọ Òkè-Igbó, ẹni tó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Tíṣà ni nígbà tó kọ ọ́. Ẹni tó bá ti ka ìwé náà yóò rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀: bàbá arúgbó kan wá bá òǹkọ̀wé, ó ní kó mú kálàmù àti bébà, kó kọ ìtàn ìgbésí ayé òun sílẹ̀ torí òun kò fẹ́ kí ìtàn náà bá òun wọ kòtò. Bàbá yìí, Àkàrà-Ogun, ọdẹ tó bá iwin àti ẹbọra jà, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló kù tó ń bà á, pé kí ìrírí òun má lọ parun. Ó wá ẹni tó lè kọ ọ́, ó sì jókòó tì í. Ní oṣù Kejìlá 1963, odò kan gbé Fágúnwà lọ. Ọdún 1968 ni Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì, tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. N ó bi Fágúnwà pé, "Ta ni bàbá arúgbó yẹn gan-an nínú ìlú yín?"

Ìjókòó karùn-ún kò ní orúkọ lára. Ti aládìrẹ tó kọ́kọ́ ya Ìbàdàn Dùn ni. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni aṣọ náà. Wọn á se láfún pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù títí yóò fi dípọ̀ bí ẹ̀kọ, obìnrin á fi ìyẹ́ adìẹ ya á sórí aṣọ funfun, á sá a kó gbẹ, á wá rì í bọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí yóò fi dú. Ibi tí ẹ̀kọ bá dì mọ́, aró kò ní mú un bí ibi yòókù. Ìbàdàn Dùn kún fún oríṣiríṣi àwòrán tó wà ní ìpín onígun mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ni àwọn òpó Mápó, gbọ̀ngán ìlú tí wọ́n ṣí ní 1929, tí ṣíbí wà láàárín òpó sí òpó. Èmi ti mú aṣọ yìí dání, mo ti fi ìka tọ òpó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ró o kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ rò ó lọ́kàn pé òpó ilé ìjọba àti ṣíbí ìdáná lè jọ wà lórí aṣọ kan. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn kọ́ ẹlòmíràn, aṣọ náà kò sì parẹ́. Ìbéèrè tèmi ò ju pé, "Ìyá, ta ni ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó wo ọwọ́ yín?"

Ẹlòmíràn á ní, Awólọ́wọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, bí kì í bá ṣe àwa, àwọn òbí wa ni. Tai Ṣólàárín tó dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956 ńkọ́? Ẹ pè wọ́n sí tiyín. Bí àlejò bá ti pọ̀ jù, ariwo á gbọ̀rọ̀ mì, àwọn ọmọ kò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Bí mo bá ti to àwọn márùn-ún wọ̀nyí jọ, mo máa ń wo ohun tí wọ́n fi jọra. Kò sí èyí tí mo pè torí owó. Iṣẹ́ tó wà nítòsí wọn ni olúkúlùkù ṣe, èdè tí wọ́n ń sọ, ìtàn ìlú wọn, ọjà wọn, aṣọ wọn. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí ẹlòmíràn lè gbà bá a lọ: nínú ìwé, nínú ẹgbẹ́, nínú àwòrán tí ọmọṣẹ́ lè wò kọ́. Ẹnì kan sì wà tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Níbi tí ẹni yẹn kò bá sí, iṣẹ́ tó dára jù lọ lè parun nínú àpótí.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò nílò ju bébà kan lọ. Kọ orúkọ àwọn àlejò rẹ sílẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n ju márùn-ún lọ, sì jẹ́ kí ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ìwé ìròyìn kò kọ nípa rẹ̀ rí: ìyá-ìyá rẹ, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tíṣà kan. Kọ ìbéèrè tí o fẹ́ bi ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gan-an kù: yí ìbéèrè wọ̀nyẹn padà, kí o fi bi ara rẹ. Bí o bá fẹ́ bi Crowther níbi tó ti gbọ́ èdè, bi ara rẹ pé irú èdè wo ni àwọn ọmọ rẹ ń gbọ́ lẹ́nu rẹ. Bí o bá fẹ́ bi aládìrẹ pé ta ló kọ́, bi ara rẹ pé ta ni ìwọ náà ti kọ́. Ìbéèrè tí o bá rí pé o kò ní ìdáhùn sí, ibẹ̀ ni ogún rẹ ti ń jò.

Èyí tó kàn ni kí o yan ohun kan péré. Ó lè jẹ́ oríkì orílẹ̀ yín tí ẹnì kan ṣoṣo kù tó mọ̀ ọ́n já, kí o fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì kọ ọ́. Ó lè jẹ́ bí ẹ ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́ nílé yín, tàbí orúkọ àwọn tó wà nínú fọ́tò àtijọ́, kí o kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ tí o ń ṣe jẹun. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tí yóò gbà á, kí o sì jẹ́ kó mọ̀ pé òun ni. Ti dúkìá kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn: ìwé ìhágún tí o fọwọ́ sí níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ara àwọn tí yóò jogún máa ń gba ẹbí lọ́wọ́ ìjà tí ìdí-igi àti orí-ò-jorí ń fà.

Èmi ti yan tèmi. Oríkì ilé wa ni. Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan ló ń gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì máa ń bá mi jà bí mo bá fo ìlà kan. Mo fẹ́ràn ìjà náà, torí ẹni tó bá lè tọ́ka sí ohun tí mo fò ti ń di oní-nǹkan.

Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí wọ́n bá gbé yín sínú ilé ìwòsàn kí ẹ tó máa wá ẹni tí ẹ ó bá sọ̀rọ̀. Òní ni ọmọ tí yóò gbà á wà nítòsí. Lọ́la ó lè ti lọ ṣiṣẹ́ n'Ìlú Ọba tàbí Kánádà. Ẹ pè é lálẹ́ òní, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.